Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni kó kọ́ wa

Àbúrò mi, o ní 34 nínú 100 lo gbà nínú ìdánwò anatomy àti physiology yín àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́. O ní aago méjì òru lo máa ń kàwé dé, ìwọ nìkan, torí o ò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ mọ̀ pé kò yé ọ. O wá ń béèrè bóyá kí o lọ bá àwọn tó ní kí ẹ jọ máa kàwé, tàbí kí o kúkú di ẹrù rẹ padà sílé kí ìdánwò PTS tó kó ìtìjú bá ọ. Jọ̀ọ́, má di ẹrù kankan. 29 lèmi gbà.

Mi ò sọ ọ́ láti fi tù ọ́ nínú. 29, bírò pupa, wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tiwa, oṣù 6 àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni PTS, ẹnu ọ̀nà lo ṣì wà. Bí o bá yege, wọ́n á dé ọ ní fìlà, ìwọ náà á di akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Bí o ò bá yege, ilé yá. Bàbá mi sì ti sọ fún gbogbo Ọjà Ọba pé ọmọ òun ti di nọ́ọ̀sì. Bó bá ti pè mí lórí fóònù tó ní "Nọ́ọ̀sì, báwo ni?", àyà mi á já.

Kì í ṣe pé mi ò kàwé o. Mò ń kà á bí ọmọ kéú ṣe ń ka wàláà. Bí o bá jí mi lóru, màá ka orúkọ egungun láti agbárí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Wàhálà mi ni pé bí wọ́n bá ti béèrè nǹkan bí ìwé ò ṣe kọ ọ́, ó parí. Lọ́jọ́ kan tútọ̀ wa ní kí n dìde: ẹ̀jẹ̀ wo ló wà nínú pulmonary artery, ọ̀kan lára iṣan ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lára ọkàn, èyí tó ti gba ọ́síjìn ni àbí èyí tí kò tíì gbà? Mo yára dáhùn pé èyí tó ti gbà ni, ṣebí artery ni. Mo ti há a sórí pé artery ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín sí.

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, àwa 11 ni. Ọ̀sẹ̀ kìíní, a ka egungun. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan gbé gúgúrú àti ẹ̀pà wá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà ẹnì kan la ń yanjú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gúgúrú ló pa ẹgbẹ́ yẹn. Ẹni tó mọ̀wé jù nínú wa ló máa ń ṣàlàyé ní gbogbo ìgbà, àwa yòókù á sì máa mi orí bí aláǹgbá. Bó bá ní "Ṣé ó yé yín?", a ní ó yé wa. A dé orí ibùsùn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀yìn hóstẹ́ẹ̀lì ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀, nídìí kànga. Omi ẹ̀rọ kì í wá, a máa ń tò sílẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ní ìdájí. Àwa mẹ́rin kan náà la máa ń bá ara wa níbẹ̀: ìyá ìbejì kan tó ti lé ní 35 ọdún, tó ti ṣiṣẹ́ ní kíníìkì aládàáni rí, ọmọbìnrin Ṣakí kan tí ọwọ́ rẹ̀ dára débi pé bó bá ya kíndìnrín, á dà bíi pé kó o mú un, ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ta ẹran ní Bódìjà, àti èmi. Kò sẹ́ni tó mọ̀wé jù nínú wa. Gbogbo wa la wà ní ìsàlẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì ló gbé òfin kalẹ̀: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni kó kọ́ wa. Ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n á sáré kọjá lórí ibi tó le, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló máa kọsẹ̀, ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni gbogbo wa á ti rí ihò. Bó o bá ní ọ̀rọ̀ kíndìnrín ń bà ọ́ lẹ́rù, ìwọ lo ni ọjọ́ Sátidé. O ní ọjọ́ mẹ́fà. Bó bá di ọjọ́ náà, ìwé á wà ní pípa dé, wàá ya á sórí bébà òfìfo, wàá máa sọ̀rọ̀ bó o ṣe ń yà á, àwa á sì máa bi ọ́ ní "kí ló dé?" títí o fi máa fẹ́ sunkún. Mo sunkún lẹ́ẹ̀kan. Nephron ni, asẹ́ tín-ín-tín inú kíndìnrín.

Òfin kejì: Yorùbá ni wàá fi sọ ọ́ kó o tó fi òyìnbó sọ ọ́. Àwọn kan fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa ará oko. Àbúrò mi, òyìnbó máa ń jẹ́ kí èèyàn sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀. O lè kọ "semi-permeable membrane" sílẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún láìmọ ohun tó jẹ́. Ìgbà tí mo fẹ́ sọ ọ́ lédè wa ni mo rí i pé asẹ́ ògì ni: omi á kọjá, èèrí á dúró. Ọjọ́ yẹn ló yé mi, kò sì tíì kúrò lórí mi. Yorùbá náà ní pàkúté tirẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ. "Iṣan" ni a ń pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, a ń pe èyí tó ń gbé ẹran ara dìde bẹ́ẹ̀, a tún ń pe èyí tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́nì kan bá ti ní "iṣan", gbogbo wa á ké pé "Iṣan wo?" Ìgbẹ̀yìn ni a máa ń kọ orúkọ òyìnbó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú sípẹ́lì tó péye, nítorí ìdánwò kò mọ asẹ́ ògì. Lẹ́tà kan péré ló wà láàárín ilium àti ileum. Àkọ́kọ́, egungun ìbàdí ni. Èkejì, abala tó gbẹ̀yìn ìfun kékeré. Ọmọ Ṣakí kọ ọ̀kan sípò èkejì nínú ìdánwò, ó gbé ìfun sí ibi tí èèyàn ń so ìró sí.

Ọkàn ni kí n wá sọ fún ọ dáadáa, torí òun ló gbà mí là. Ọmọ ẹlẹ́ran ní kí ló dé tí a kàn ń wo àwòrán, òun máa bá bàbá òun sọ ọ́. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá owó, a ra ọkàn màlúù kan ní Bódìjà. Èyí àkọ́kọ́ tí a gbé délé, wọ́n ti là á sí méjì lórí pátákó, a ò rí nǹkan gidi kan nínú rẹ̀, a kàn sè é jẹ. Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá rẹ̀ bá wa fi odindi pamọ́. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. A gbé e sínú bàsíà, a fọ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, a mú ọ̀bẹ ìdáná.

Kí a tó gé e, a da omi láti òkè sínú aorta, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù tó ti inú ọkàn jáde. Omi náà dúró síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń jò. Fáàfù ẹnu ọ̀nà ti padé. Mo ti kọ "ó ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn" sílẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ yẹn, mi ò rò ó rí pé nǹkan tí ojú lè rí ni. A wá gé e. Ògiri ventricle òsì, ìyẹn yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì, nípọn ju ti ọ̀tún lọ fíìfíì, ìka mi kò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé. Okùn funfun tín-ín-rín wà nínú rẹ̀ tó di fáàfù mú bí okùn tí wọ́n fi so àtíbàbà. Ìyá Ìbejì bi mí: kí ló dé tí òsì fi nípọn? Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí.

Takisí Micra ló ràn mí lọ́wọ́. Mo ní, ẹ̀jẹ̀ tó ti já èrò sílẹ̀ káàkiri ìgboro, òfìfo ló ń padà bọ̀ sí apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún á tì í lọ sí gáréèjì tó ti máa kó èrò, gáréèjì náà ni ẹ̀dọ̀fóró, kò sì jìnnà, ẹ̀gbẹ́ ọkàn níbẹ̀ ló wà. Bó bá ti kó ọ́síjìn tán, á padà sí apá òsì. Apá òsì ló wá ní iṣẹ́ ńlá, òun ló máa tì í dé orí, dé ọwọ́, dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ti ọkọ̀ jìnnà bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ẹnu mi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sí gáréèjì yẹn ni pulmonary artery! Òfìfo ló ń gbà á kọjá. Kì í ṣe èrò inú ọkọ̀ ló ń fún artery lórúkọ, ibi tó kọrí sí ni: bó bá ti ń kúrò nínú ọkàn, artery ni, bó bá ń bọ̀ wá sínú rẹ̀, vein ni. Mo pariwo débi pé àwọn ará yàrá kejì kan ògiri.

Ẹ má fi ẹran kọ́ gbogbo nǹkan o. Kíndìnrín màlúù rí gúlegùle bí ìdì èso, ti èèyàn ń dán ni, ó rí bí ẹ̀wà. Ti ewúrẹ́ ló sún mọ́ tiwa. Fùkù náà, ẹ má ka ìpín rẹ̀ lára màlúù. Ti èèyàn, 3 ni ọ̀tún, 2 ni òsì.

A jà náà. Ọmọ ẹlẹ́ran ní egungun ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ 33, ọmọ Ṣakí ní 26 ni, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Àwọn méjèèjì ló jàre. 7 ní ọrùn, 12 ní ẹ̀yìn àyà, 5 ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, 5 ní sacrum tó wà lókè ìdí, 4 ní ìdí pátápátá: 33 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dàgbà, 5 ti sacrum á lẹ̀ di ọ̀kan, 4 ìdí á lẹ̀ di ọ̀kan, ó di 26. 26 yẹn ló wà nínú egungun 206 ti àgbàlagbà tí gbogbo ayé ń kà.

Ti kíndìnrín tó pa mí lẹ́kún, kànga ló yanjú rẹ̀. Ìwé ní kíndìnrín ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 lójúmọ́. Mo ní irọ́ ni, níbo ni omi yẹn wà nínú èèyàn? Ọmọ Ṣakí gbé kẹ́ẹ̀gì 25 lítà sílẹ̀, ó ní kí n ka méje, kó tún ku díẹ̀. Ìtọ̀ tó ń jáde, bí ìgò omi 75cl méjì. Ibo ni ìyókù wà? Ó ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Omi inú ẹ̀jẹ̀ gan-an kò ju bíi lítà 3 lọ, òun kan náà ni wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń dá padà, tí wọ́n tún ń sẹ́, bí ìgbà 60 lójúmọ́. Nínú ìdánwò PTS, wọ́n béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ìdápadà yẹn bá dáwọ́ dúró. Mo rántí kẹ́ẹ̀gì méje, mo rẹ́rìn-ín lórí àga, alábòójútó wò mí bí ẹni pé mo ní ìwé nínú aṣọ.

Ara àwọn ìbejì kò yá ní oṣù kẹrin, ìyá wọn lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́wàá. A ò fi ìwé ránṣẹ́ sí i, ó máa ń sùn lórí ìwé. Ohùn wa la ká sórí WhatsApp, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ó ń gbọ́ ọ nígbà tó bá ń ro àmàlà. Ó padà dé pẹ̀lú ìbéèrè tí àwa tó wà ní kíláàsì kò ronú kàn.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí tó kù. Mo gba 47, mo gba 58, PTS gan-an mo gba 63. Àwa mẹ́ta la yege. Máàkì 4 ló kù kí ọmọ Ṣakí yege, ọmọ tó kọ́ mi ní kíndìnrín. A gbé báàgì rẹ̀ dé gáréèjì, kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ ẹlẹ́ran kàn ra búrẹ́dì fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la dá owó fọ́ọ̀mù rẹ̀, ìlú mìíràn ló ti kà á. Nọ́ọ̀sì ni lónìí. Ó ṣì ń sọ pé sípẹ́lì ileum ló jẹ òun ní máàkì yẹn, mo sì gbà fún un.

Nítorí náà, lọ bá àwọn tó pè ọ́, ṣùgbọ́n kà wọ́n kó o tó jókòó. Bí wọ́n bá lé ní márùn-ún, mú méjì tàbí mẹ́ta lára wọn sọ́tọ̀, àwọn tí wọ́n gba irú máàkì tí o gbà. Fi 34 rẹ hàn wọ́n lọ́jọ́ kìíní, kó má di ejò tí ò ń gbé pamọ́ sínú báàgì. Bí ẹnì kan bá ní òun mọ ẹni tó ń ta ìbéèrè ìdánwò, kì í ṣe ara yín.

Bí ẹ bá ń lọ ra ọkàn ní Bódìjà, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ. Kí ẹlẹ́ran tó gbé e sórí pátákó ni kí ẹ ti sọ fún un pé kó má là á, kó sì fi gbogbo ọ̀pá ẹ̀jẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Á bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ sọ òótọ́ fún un, kó má lọ rò pé oògùn ni.