Inú Ń Bí Ọmọ Inú Ìtàn Mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 16 ni mí, nílùú Iléṣà. Èṣí ni mo gbọ́ pé ṣe ni wọ́n gbà mí tọ́. Mò ń kọ ìtàn ọmọ kan tó já bọ́ láti ìsálú ọ̀run, àmọ́ ó kàn ń bínú fọ́ nǹkan ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, Superman, akọni inú ìwé ìtàn aláwòrán tó jáde lọ́dún 1938 náà, ọmọ àgbàtọ́ ni. Má yọ ìbínú yẹn. Jẹ́ kó fọ́ nǹkan kan péré: àwo tí ìyá rẹ̀ fi ń bu iyán fún un. Kí ìyá máa ṣa àfọ́kù rẹ̀, kó máa fi oríkì Ìjẹ̀ṣà ki ọmọ náà ní “ọmọ Obòkun” bó ṣe máa ń ṣe, kọ́mọ náà máa rò ó pé irọ́ ni. (Èmi gan-an ti fọ́ àwo rí.) Fi orí ìtàn yẹn ránṣẹ́ sí mi.