Ọmọ mi ń lo oògùn apakòkòrò: ṣé kí n sún àjẹsára rẹ̀ síwájú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi máa pé ọ̀sẹ̀ 6 lọ́jọ́ Ajé. Dókítà fún un ní oògùn apakòkòrò nítorí eéwo. Aládùúgbò mi ní oògùn yẹn ti pa kòkòrò rere inú rẹ̀, pé àjẹsára ò ní ṣiṣẹ́, kí n dúró di oṣù tó ń bọ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ìkókó, Àdàtán, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé náà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín, ibi tó parí sí ni kò dáa.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun máa ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí. Àjẹsára tí wọ́n ń kán sẹ́nu ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, ìyẹn ti rọpárọsẹ̀ àti ti rotavirus (kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru), torí kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára nínú wọn gbọ́dọ̀ ráyè bí sí i nínú ìfun kí ara tó dá a mọ̀. Bí kòkòrò mìíràn bá ti gba ibẹ̀, àyè á há. Ní Gánà, ìwádìí tó jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn ọmọ tí àjẹsára rotavirus ṣiṣẹ́ lára wọn, kòkòrò inú ìfun wọn jọ ti àwọn ọmọ ilẹ̀ Netherlands ju ti àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ ra oògùn "fọnú" ní kẹ́míìsì. Ní Vellore, Íńdíà, wọ́n fún àwọn ọmọ ní azithromycin, oògùn apakòkòrò kan, fún ọjọ́ 3 kí wọ́n tó kán ti rọpárọsẹ̀ sí wọn lẹ́nu. Kòkòrò búburú dínkù lóòótọ́, àjẹsára ò ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọn kì í kán an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí èyí tí kò bá mú lónìí lè mú lọ́jọ́ mìíràn: ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ti rọpárọsẹ̀ tún ní abẹ́rẹ́, tí kò gba inú ìfun kọjá rárá. Tí ẹ bá sì dúró, rotavirus ò ní dúró dè yín. Ìkókó ló máa ń bá jà jù.

Ẹ lo oògùn dókítà tán bó ṣe kọ ọ́, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Ọyàn nìkan ni kí ẹ fún un títí oṣù 6, kò sí omi, kò sí àgbo: ṣúgà kan wà nínú wàrà ìyá tí ọmọ fúnra rẹ̀ ò lè dà, oúnjẹ kòkòrò rere ni. Ẹ lè fún un lọ́yàn kí wọ́n tó kán an àti lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ó bá ń bì gan-an, tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí tí ibà líle mú un, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kán ti rotavirus, bó bá ń ké gidigidi, tó ń dákẹ́, tó tún ń bẹ̀rẹ̀, tó ń bì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.