Gáìdì Disney tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé kẹ́ ẹ rà á?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ìbéèrè yín, pé físà yín ṣì wà, ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí Disney ní Orlando nígbà họlidé, ẹnì kan wá ń ta gáìdì, ìyẹn ìtọ́sọ́nà béèyàn ṣe máa rìn nínú pákì, fún yín lórí Instagram, ó ní gbogbo ètò ló wà nínú ẹ̀, ṣé kẹ́ ẹ san án àbí kẹ́ ẹ má san án. Èmi àti ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ láti Kubwa níbí lọ́dún 2024, àbúrò ìyàwó mi àti ọkọ ẹ̀ tí wọ́n ń gbé Lugbe náà bá wa lọ, gáìdì méjì tá a fowó rà ló sì tẹ̀ lé wa débẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ tiwọn, ọ̀kan lọ́wọ́ tiwa. Ohun tí ojú wa rí ni mo fẹ́ sọ.

Tó bá jẹ́ PDF ni ẹni yẹn ń tà, ẹ má dá a lóhùn. Tó bá jẹ́ èyí tó wà lórí wèbúsáìtì, tí wọ́n ń tún ṣe bí nǹkan ṣe ń yí padà, ìyẹn ṣeé sanwó fún, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo pákì.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti PDF. Orí WhatsApp ni àbúrò ìyàwó mi ti rà á. Ó dára lójú o, àwòrán ààfin Cinderella wà níwájú, wọ́n kọ 2024 gàdàgbà sí i. Ẹ wá ṣí ibi tó ti sọ̀rọ̀ bí èèyàn ò ṣe ní pẹ́ lórí ìlà, ó ní kẹ́ ẹ gba FastPass (àyè téèyàn ń gbà sílẹ̀ kó má bàa tò pẹ́) ní ọjọ́ 60 ṣáájú tẹ́ ẹ bá ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì Disney, ọjọ́ 30 tẹ́ ẹ bá ń sùn níta. FastPass wo? Látìgbà Kòrónà ní 2020 ni wọ́n ti dá ìyẹn dúró, kò sì padà wá mọ́. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn tẹ́lẹ̀, Genie+ tó rọ́pò ẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2021 olówó ni, nígbà tó sì di oṣù keje 2024 wọ́n tún yí orúkọ padà sí Lightning Lane Multi Pass, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń gbà á náà padà, ẹni tó ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn lè yan tiẹ̀ ní ọjọ́ 7 ṣáájú, ẹni tó ń sùn níta ọjọ́ 3. Ẹni tó ta ìwé yẹn kàn pa ọdún iwájú ẹ̀ dà ni, ọbẹ̀ àná ló gbé kaná fún wọn.

Kódà ibi tí kò ti parọ́, ó fo nǹkan tó yẹ kéèyàn mọ̀. Ó ní tí Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn pákì Disney ní Orlando, bá máa ṣí ní aago mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹni tó bá wọ Uber láti ìta ńkọ́? Uber kì í gbé yín dé ẹnu géètì Magic Kingdom o. Ibì kan tí wọ́n ń pè ní Transportation and Ticket Center ló máa já yín sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa yẹ báàgì yín wò, lẹ́yìn náà ẹ máa wọ mónórèélì tàbí ọkọ̀ ojú omi kọjá adágún ńlá kan kẹ́ ẹ tó rí géètì gan-an. Àbúrò wa àti ọkọ ẹ̀ tẹ̀ lé ìwé wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú Uber ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ géérégé bó ṣe wí, inú wọn dùn pé àwọn tètè dé, ká tó ríra nínú pákì, àwa ti jáde nínú ráìdì Seven Dwarfs Mine Train tá a kọ́kọ́ sáré lọ wọ̀, ìlà ibẹ̀ sì ti yí bírí dé ìta. Ọkọ ẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun ọ̀sán.

Èkejì, tiwa, TouringPlans ni, èyí tó wà lórí wèbúsáìtì. Ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó ẹ̀, owó ọdún kan ò sì tó iye tí èèyàn mẹ́rin máa fi jẹun ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan nínú pákì yẹn. Ẹ máa fi ọjọ́ tẹ́ ẹ ń lọ sí i, ẹ máa yan àwọn ráìdì tẹ́ ẹ fẹ́, ó máa bá yín tò ó, èyí lẹ máa kọ́kọ́ lọ, èyí ló tẹ̀ lé e, ó máa ń ro ìrìn ẹsẹ̀ láti ibì kan síbì kejì mọ́ ọn. Iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀ gan-an nìyẹn, torí iye èèyàn tí ráìdì kan lè gbé ní wákàtí kan kì í pọ̀ sí i, àwọn tó ń wọlé ló ń pọ̀, èyí tẹ́ ẹ bá wọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́ láìdúró pẹ́, ọ̀sán lè mú un di wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan òjò dé lọ́sàn-án, òjò Florida ìgbà ooru (summer) tiwọn, pẹ̀lú àrá. Kíákíá ni wọ́n ti àwọn ráìdì tó wà níta. Àwọn èèyàn ń sá kiri pẹ̀lú ráńkóòtù, ọmọ ń ké. A bọ́ sábẹ́ òrùlé, ìyàwó mi yọ gbogbo èyí tó wà níta kúrò nínú ètò wa, ó tẹ bọ́tìnnì, ó tún un tò: Haunted Mansion, PhilharMagic, Carousel of Progress, gbogbo ẹ̀ inú ilé, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Nígbà tá a máa fi jáde, òjò ti dá. PDF ò lè ṣe ìyẹn fún yín.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ó ní ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ torí ẹ̀ sanwó nínú ẹ̀. Kàlẹ́ńdà èrò. Wọ́n máa ń fi nọ́ńbà 1 sí 10 sọ bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe máa kún sí, torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń sanwó. Ìyẹn wúlò fún ará Amẹ́ríkà tó lè sọ pé Tuesday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun ń lọ. Àwa tí físà, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, líìfù níbi iṣẹ́ àti họlidé ọmọ ti bá wa mú ọjọ́, kí la fẹ́ fi ṣe? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ lórí ọjọ́ ò le, ọ̀fẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́: iléèwé Florida ti ń wọlé kí oṣù kẹjọ tó dé àárín, ọ̀pọ̀ iléèwé wa níbí ò sì ní wọlé títí di bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta oṣù kẹsàn-án. Ìparí oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án yẹn, ọmọ wọn wà ní kíláàsì, tiwa wà nílé. Ìgbà yẹn la lọ. Oòrùn mú gan-an, ooru ibẹ̀ ń mú ara lẹ̀ bíi pé èèyàn ò wẹ̀, kì í ṣe ooru gbígbẹ tiwa yìí, àkókò ìjì líle hurricane náà sì ni, oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń kà á, torí náà ẹ ra ìnṣọ́ránsì. Ṣùgbọ́n èrò ò pọ̀. Tó bá jẹ́ Kérésì lẹ fẹ́ lọ, láàárín Kérésì sí Ọdún Tuntun, kò sí gáìdì táwọn èèyàn ń tà tó lè gbà yín o, ẹ kàn máa gba ìlà bó ṣe rí.

Ohun kan tún wà lásìkò oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án yẹn tí gáìdì tiwa sọ, tó tó owó ẹ̀. Láti oṣù kẹjọ Disney máa ń ṣe pátì Halloween ní Magic Kingdom ní àwọn alẹ́ kan, tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ dá yàtọ̀, ẹni tí kò bá ní i wọ́n máa ní kó jáde ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nítorí ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá fún ọjọ́ yẹn, ọ̀sán ibẹ̀ á wá fúyẹ́. Tí iná ojú ọ̀run (fireworks) alẹ́ ò bá dùn mọ́ yín, ọjọ́ pátì ni kẹ́ ẹ lọ. Tó bá jẹ́ iná yẹn gan-an làwọn ọmọ ń retí, ẹ má sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ aago náà, gbogbo gáìdì ni wọ́n fi ojú Amẹ́ríkà kọ. Wọ́n á ní ẹ dìde ní òwúrọ̀ kùtù kẹ́ ẹ lè yan Lightning Lane ní aago méje àárọ̀ wọn, wọ́n á máa ráhùn. Ẹ̀gbọ́n, aago méjìlá ọ̀sán ni ìyẹn ní Abuja nígbà ooru wọn, ẹ lè ṣe é ní ọ́fíìsì, tí NEPA ò bá ṣe tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á kọ ojú ewé gbọọrọ lórí béèyàn ṣe lè jí ọmọ láàárọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, aago mẹ́rin òru lá ti jí, á máa béèrè ońjẹ. Alẹ́ ni wàhálà wà, torí iná ojú ọ̀run aago mẹ́sàn-án, aago méjì òru ni lára tiwọn. Èyí kékeré wa sùn sí èjìká mi lójú ìbọn iná yẹn, kò tiẹ̀ mira. Ẹ fi ti alẹ́ sí ìparí ìrìn àjò, ẹ lo àárọ̀ àkọ́kọ́ dáadáa.

Gíga ọmọ ńkọ́? Àwọn ráìdì kan wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ ga tó iye kan kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Kò sí gáìdì tó máa bá yín wọn ọmọ. A fi pẹ́ńsù sàmì sára ilẹ̀kùn kíṣìnì wa kí a tó lọ, sẹ̀ǹtímítà 97 fún Mine Train àti Slinky Dog Dash, 102 fún Rise of the Resistance, 112 fún Space Mountain àti Flight of Passage, 122 fún Tron. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀ lórí wèbúsáìtì Disney. Èyí tí kò bá tó, ẹ sọ fún un nílé, kó sunkún ẹ̀ tán níbẹ̀. Tí ọ̀kan bá sì kéré jù, ẹ bèèrè Rider Switch lẹ́nu ọ̀nà, ẹyọ òbí kan á wọ̀ ọ́, èkejì á dúró ti ọmọ, tí wọ́n bá pààrọ̀ èkejì ò ní tò lọ́tun, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ẹ tún kó wọn lọ sí pákì ìṣeré Magicland níbí lọ́jọ́ Sátidé kan, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ City Gate. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ti mọ̀ pé àkọ́bí wa kì í fẹ́ nǹkan tó ń gbé e sókè kó tó já a sílẹ̀, a wá yọ ìdajì ohun tí gáìdì pè ní kò-gbọdọ̀-máà-wọ̀ kúrò. Owó ọkọ̀ ojú ọ̀nà Airport Road ló ná wa, kì í ṣe dọ́là.

Ẹ tún lè gbọ́ pé àwọn aṣojú kan wà tí Disney fún láṣẹ, tí wọ́n ń bá èèyàn ṣètò lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni, Disney ló ń san owó wọn látinú ohun tí wọ́n bá tà fún yín. Ẹ̀ẹ́ mọ ibi tí ojú wọn máa wà nígbà náà, hòtẹ́ẹ̀lì inú Disney ni wọ́n á máa tì yín sí. Àwa háyà ilé ní Kissimmee, ìlú kan nítòsí ibẹ̀, a se ìrẹsì, a kó o dání, Disney ò sọ pé kéèyàn má gbé oúnjẹ wọlé, àmọ́ wọn ò fẹ́ ọtí àti ìgò, omi tútù nínú ife sì jẹ́ ọ̀fẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kíákíá, ẹ kàn bèèrè ni. Kílíṣí tí ẹ ń rò yẹn, ẹ fi sílẹ̀ ní Abuja, ẹran ni, kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà máa gbà á ní papa ọkọ̀ òfuurufú.

Nípa owó sísan: nígbà tá a lọ ní 2024, káàdì náírà ọ̀pọ̀ báǹkì ń ṣe wàhálà lóde òkèèrè, káàdì dọ́m la fi san tiwa. Ẹ wo abẹ́ wèbúsáìtì gáìdì náà dáadáa bóyá á máa fa owó yín lọ́dọọdún láìbéèrè, kẹ́ ẹ dá a dúró tẹ́ ẹ bá ti padà dé. Ẹ má sì san án nísinsìnyí tí ẹ ò tíì mọ oṣù tẹ́ ẹ máa lọ. Títí dìgbà yẹn, áàpù Disney àti Queue-Times tó jẹ́ ọ̀fẹ́ á fi bí ìlà ṣe ń gùn sí hàn yín lójoojúmọ́, ẹ lè máa wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni orí Instagram yẹn, ẹ ní kó fi ojú ewé tó ti sọ̀rọ̀ Lightning Lane ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá rí FastPass tàbí Genie+ níbẹ̀, ẹ bulọ́ọ̀kù ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà bá sì padà yí, tó jẹ́ Abu Dhabi lẹ lọ, ẹ má ra gáìdì kankan. Ferrari World, Warner Bros. World àti SeaWorld gbogbo ẹ̀ erékùṣù Yas kan náà ló wà, Warner Bros. World inú ilé ni látòkèdélẹ̀, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ tètè dé, ó tán.