Omi tó mọ́ lójú yín yẹn, kì í ṣe tẹ́ẹ̀sì o

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ní ìpàdé kan tá a lọ, wọ́n da àyódínì, oògùn ojú ọgbẹ́, sínú ife omi, ó pupa bíi tíì, wọ́n ju hóró fítámì C 1000 kan sí i, omi náà sì mọ́ kedere lójú gbogbo wa. Wọ́n ní bó ṣe máa fọ ẹ̀jẹ̀ wa nìyẹn, pé ẹ̀rí sì ni pé 1000 yẹn pé. Mo ti ra ìgò méjì. Ṣé mo lè mú hóró kan wá sí láàbù kẹ́ ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán o. Hóró kan ò tó, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ àyódínì yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí, ó sì ń bí mi nínú, àwọn ìyá àti bàbá wa ni wọ́n ń fi í gbowó lọ́wọ́ wọn.

Kò kan ẹ̀jẹ̀ rárá. Tí fítámì C bá pàdé àyódínì, á sọ ọ́ di àyódáìdì, àyódáìdì ò sì ní àwọ̀, ó parí. Kò sí ìdọ̀tí kankan tó kúrò, inú omi yẹn náà ló ṣì wà, ojú ni ò rí i mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín mu o. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á mọ́. Kẹ́míkà thiosulphate tá à ń lò ní láàbù, tí ẹnì kankan ò lè pè ní fítámì, òun náà á mú un mọ́.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Àyódínì ojú ọgbẹ́ tó jẹ́ 2%, mílílítà 1 ẹ̀ ní bíi mílígírámù 20 àyódínì nínú. Fítámì C tó máa mú gbogbo ẹ̀ mọ́ ò ju bíi mílígírámù 14 lọ. Mẹ́rìnlá péré! Hóró tó ní 50 á mú un mọ́, èyí tó ní 1000 á mú un mọ́, ojú yín ò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Lóòótọ́ àwa náà ń lo àyódínì, ìyẹn titration, ṣùgbọ́n a ti wọn oògùn, a ti mọ agbára àyódínì, a ó máa kán an díẹ̀díẹ̀ ká tó ṣírò. Síbẹ̀, ohun míì nínú hóró yẹn tó bá lè mú àyódínì mọ́, á kà á mọ́ fítámì C. Irú àlébù yìí ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n ń da kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ melamine sínú mílíìkì ní Ṣáínà, tó tú síta lọ́dún 2008: naitrójìn ni tẹ́ẹ̀sì ń kà, kì í ṣe prótéènì fúnra ẹ̀, melamine sì kún fún naitrójìn, àwọn ọmọ ọwọ́ kú. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ràn HPLC, ẹ̀rọ tó máa ya nǹkan inú oògùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ká wá fi tiyín wé ojúlówó tá a ti mọ bó ṣe mọ́ tó.

Ìgò tẹ́ ẹ ò tíì ṣí ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kí nọ́ńbà batch (nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é) wà lára ẹ̀, torí a máa lọ bíi hóró 20 pọ̀. USP, ìwé ìlànà oògùn ti Amẹ́ríkà, gbà kí tábúlẹ́ẹ̀tì fítámì C ní 90 sí 110% ohun tí wọ́n kọ. Ní Nàìjíríà, ẹ wá public analyst, ìyẹn ẹni tó ń yẹ oúnjẹ àti oògùn wò ní láàbù, tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ IPAN (Institute of Public Analysts of Nigeria), kẹ́ ẹ béèrè ọ̀nà tó fẹ́ gbà ṣe é kẹ́ ẹ tó sanwó. Èsì yẹn ò sì kan ìgò míì yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ gbé wá o.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní náwó yẹn. Bíi mílígírámù 75 sí 90 lójúmọ́ ti tó ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ọsàn àti ewébẹ̀ lè fún yín. Tẹ́ ẹ bá sì ti ní òkúta inú kíndìnrín rí, ẹ má tíì gbé 1000 yẹn mì, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, èmi ò yẹ̀ yín wò.