Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Fìlọ́sọ́fì Kò Ní Sọ Ọmọ Mi Di Ọlọ̀tẹ̀?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ń kẹ́kọ̀ọ́ fìlọ́sọ́fì, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ èrò, ní yunifásítì. Láti ìgbà tó ti wálé fún ìsinmi ló ti ń sọ pé ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn kò kan ará ìlú, àti pé fìlọ́sọ́fì tí kò bá tú àṣírí ìrẹ́jẹ, asán ni. Ṣé kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dà? — Bàbá kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Láti 1845 ni Karl Marx, ọmọ Jámánì, ti kọ ọ́ pé àlàyé ayé ni àwọn onífìlọ́sọ́fì ń ṣe ṣáá, bẹ́ẹ̀ yíyí ayé padà ló ṣe kókó. Ní 1972, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀nà tí yunifásítì ń gbà kọ́ fìlọ́sọ́fì ti sú, dá ìwé àtìgbàdégbà Radical Philosophy sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí ọjà. Ká ní aláta kan na tíkẹ́ẹ̀tì àná sí agbowó-ọjà, tó ní òun ti san ti òní. Olùkọ́ kan lè fi odidi wákàtí kan bi kíláàsì bóyá irú irọ́ bẹ́ẹ̀ tọ́. Ìbéèrè gidi ni, n kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yín yóò béèrè ta ló bu owó náà, kí ló dé tí wọn kò pe aláta síbi tí wọ́n ti bù ú, àti kí ló mú kí irọ́ obìnrin náà di ẹ̀kọ́ nílé ìwé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí, tí wọn kò kọ́.

Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé jà fitafita pé kí a ka Ọ̀rúnmìlà mọ́ àwọn onífìlọ́sọ́fì. Paulin Hountondji, onífìlọ́sọ́fì láti orílẹ̀-èdè Benin, ní tirẹ̀ kò gbà pé èrò tí a ní gbogbo ìlú jọ ní ni fìlọ́sọ́fì. Èrò ẹni tó ṣeé bá jiyàn ló ń wá. Ẹnu wọn kò kò, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ló yẹ ohun tí ilé ìwé ń pè ní fìlọ́sọ́fì wò.

Ẹ̀sùn tèmi sí àwọn òǹkọ̀wé tó fẹ́ kí fìlọ́sọ́fì tú àṣírí ìrẹ́jẹ ni pé púpọ̀ nínú wọn ń kọ̀wé tí aláta kò lè gbọ́. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣàlàyé tirẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Yorùbá. Bó bá sì ń sá fún kíláàsì ọgbọ́n ìjiyàn torí pé ó kà á sí eré ọ̀rọ̀, ẹ bá a wí, nítorí láìsí i, kò ní mọ ibi tí àlàyé agbowó-ọjà ti wọ́.