Ẹ BI WÁ: Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ Ló Ń Túmọ̀ Ìwé Fún Mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣakí ni mo ti wá, ọkọ mi ló kó wa wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin), ó ti pé ọdún méjì. Abọ́ ni mò ń tà lọ́jà Wàndó, Yorùbá ni mo fi ń tà á, wọ́n sì ń gbọ́ mi dáadáa, àmọ́ tí ìwé bá ti dé láti ilé ìwé, Faransé ni, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń kà á fún mi, mi ò sì mọ̀ bóyá gbogbo ẹ̀ ló ń kà àbí ibi tó wù ú. Ṣé ìlú yìí ò ní ètò kankan fún àwa tá a ṣí wá ni?
Ìyá Alábọ́

Ìdáhùn: Ìyá Alábọ́, ibi tó wù ú ló ń kà o, ẹ má tan ara yín jẹ!

Ẹ ò ní rí ẹni tó máa wá kan ilẹ̀kùn yín. Ọ̀dọ̀ ṣẹ́ẹ̀fù àdúgbò, ìyẹn olórí àdúgbò yín, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ mú onílé yín dání, ẹ lọ nírọ̀lẹ́ tára ti rọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ kí i dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ tẹnu yín. Tó bá ti mọ̀ yín, ọ̀nà à ti dé ọ́fíìsì arrondissement, ìyẹn ẹ̀ka ìlú (márùn-ún ni wọ́n pín Àjàṣẹ́ sí), á rọrùn. Ẹ sì bójú tó ìwé tiyín náà o: láti 1979 ni àdéhùn CEDEAO (ECOWAS) ti ní ká máa wọ ìlú ara wa láìgba físà, àmọ́ 90 ọjọ́ ni, tiyín sì ti di ọdún méjì! Ẹ lọ bèèrè kááàdì séjour, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ìlú, kí ọlọ́pàá kan tó dá yín dúró lọ́nà Ìgòló níbi ẹnubodè.

Ti ilé ìwé, tó bá jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, láti 2006 ni wọn ò ti gba owó ilé ìwé mọ́, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san án, ẹ bi í pé owó kíni.

Ohun tó ń dá yín dúró gan-an, lójú tèmi, ni Yorùbá tó pọ̀ nílùú yìí, ó ti rọ̀ yín lọ́rùn jù. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé náà, àlejò ni wọ́n nígbà yẹn, ẹ wo mọ́sáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì, lónìí ta ló ń pe ọmọ wọn lálejò? Ẹ kọ́ èdè Ègùn lẹ́nu àwọn oníbàárà yín, "a fọ́n gànjí à?" (ṣé ẹ jí dáadáa?) láàárọ̀, "nábì?" (èló ni?) nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra nǹkan, wọ́n á rẹ́rìn-ín yín díẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n á dá yín lóhùn.

Ìwé tó bá tún dé, ẹ gbé e lọ bá olùkọ́ fúnra yín, kó kà á sókè, kí ọmọ yẹn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.