Order, Iye Owó, ọjọ́: báwo la ṣe ń sọ column lórúkọ?

Ìbéèrè: Mo ń kọ plugin WordPress kékeré fún àwọn tó ń ta aṣọ òkè n'Ìlọrin, kí oníbàárà lè máa béèrè ẹtù tàbí sányán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo pe àwọn column inú tábìlì rẹ̀ ní `order`, `Iye Owó` àti `ọjọ́`. Mo fi àmì yìí, `, yí wọn ká nígbà tí mo dá tábìlì náà sílẹ̀. Bí mo bá fi nǹkan síbẹ̀, ó ń wọlé. Bí mo bá fẹ́ kà á jáde, error 1064 (pé àṣẹ tí mo kọ kò tọ́) ni. Kí ni mo ṣì ṣe? (Òǹkàwé kan, Ọ̀ffà)

Ìdáhùn: Order yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. MySQL, ibi tí WordPress ń kó dátà sí, ti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ara rẹ̀, nítorí ORDER BY. $wpdb->insert, tí WordPress fi ń kó dátà wọlé, máa ń fi ` yí orúkọ column ká fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń wọlé. SELECT (àṣẹ tó ń ka dátà jáde) tẹ́ ẹ fọwọ́ kọ kò ní àmì náà, MySQL wá rò pé ẹ fẹ́ to nǹkan tẹ̀léra ni. Group, key, desc àti from náà kò ṣeé lò. Rank àti groups ló tún burú jù: MySQL 5.7 gbà wọ́n láìjanpata, ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ tó gba website yín sórí server bá gbé yín lọ sí 8.0, plugin tó ti ń ṣiṣẹ́ lánàá á kàn kọṣẹ́.

Ààyè inú Iye Owó náà á máa dà yín láàmú báyìí. Ìlà ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi so ó: iye_owo.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló gba sùúrù. MySQL gbà á o. Àmọ́ ọ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo (U+1ECD), ó sì lè jẹ́ o lásán tí àmì abẹ́ (U+0323) tẹ̀ lé. Kíbọ́ọ̀dù fóònù lè tẹ ti àkọ́kọ́, kí ti kọ̀ǹpútà tẹ ìkejì. Ojú ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, PHP, èdè tẹ́ ẹ fi kọ plugin, mọ̀: $row['ọjọ́'] á ní òun ò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ column náà ń wò yín nínú phpMyAdmin, ojú ìwé tí a ti ń wo tábìlì MySQL. Nítorí náà, a sí z kékeré, nọ́ńbà àti _ nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Yorùbá ò ṣe nǹkan kan, ẹ ṣáà má fi owo lásán sílẹ̀, torí owó, ọwọ́ àti òwò ni gbogbo wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í, bí iye_owo tàbí ojo_gbigba. Ojú ìwé tí oníbàárà ń rí ni àmì ohùn ti wúlò, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí.

Ẹ má kàn yí orúkọ padà nínú dbDelta, tí WordPress fi ń dá tábìlì sílẹ̀ tó sì fi ń tún un ṣe. Kì í tún column sọ lórúkọ: tuntun tó ṣófo ló máa fi kún un, dátà á wà nínú ti àtijọ́. Ẹ kó ẹ̀dà dátà pamọ́, kẹ́ ẹ wá kọ èyí sínú phpMyAdmin, pẹ̀lú prefix (ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tábìlì) tiyín dípò wp_:

ALTER TABLE wp_aso_oke CHANGE `order` nomba_order bigint(20) unsigned NOT NULL;

Irú column náà gbọ́dọ̀ pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé NOT NULL (kò gbọdọ̀ ṣófo), CHANGE á yọ ọ́ dànù. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún orúkọ náà ṣe nínú CREATE TABLE plugin yín (ààyè méjì ló ń tẹ̀ lé PRIMARY KEY níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan) kẹ́ ẹ tó tún un tàn. Àìṣe bẹ́ẹ̀, dbDelta á tún dá order òfìfo mìíràn sílẹ̀.